Ẹ̀yìn Òkú Á Dáa: Ikú Ọmọọba Ojúmọ́ nínú Àníkúlápó

Láti ọdún 1959 tí tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ni àwọn òṣèré ti ń gbé ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ṣe síwájú wa. Ó yẹ kí àwa tí ọ̀rọ̀ kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó wà níwájú wa ni Àníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan. Fíìmù rẹ̀ jáde ní 2022, eré alápá púpọ̀ tó tẹ̀ lé e sì jáde ní 2024, lórí Netflix.

Sàró ahunṣọ kú, ẹyẹ àkàlà jí i, adó àkàlà sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi ń jí òkú ní ìlú Ojúmọ́ títí ó fi di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ọmọọba kú, ọba ránṣẹ́ pè é. Sàró ní àfi kí wọ́n fi ọmọ ọba lóbìnrin fún òun ṣaya. Ọba gbà. Àmọ́ nígbà tó dé ìdí òkú, adó kò jẹ́ mọ́.

Adó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ. Èmi ò bá ti adó lọ. Ọmọ tó ṣẹ́ kù ni mò ń rò.

Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ lágboolé kan ní Bẹyẹrúnká tàbí ní Ọjàa'ba, kí là ń wí? "Ẹ̀yìn ẹ̀ á dáa." Ẹ̀yìn òkú yìí, àwọn tó wà láàyè ni. Ẹ wo ti ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú, òbí á lọ bi Ifá. Bí Ifá bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère, wọ́n á gbẹ́ ẹ, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á fi osùn kùn ún, á fún un lóúnjẹ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kí òkú dìde. Kí èkejì má baà tẹ̀ lé e lọ ni. Ohun tí bàbá ọmọbìnrin yẹn ṣe yàtọ̀ pátápátá: ó fi ààyè ra òkú.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí Ifá náà ń bá ikú jà? Bẹ́ẹ̀ ni. A máa ń rúbọ kí ikú lè yẹ̀ lórí ẹni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú jíjí ẹni tó ti lọ, ká tó wá sọ pé ká fi ọmọ ìyá ẹni san owó ẹ̀.

Ká má purọ́, eré náà kò gbè sẹ́yìn Sàró. Ní apá ti 2024, wọ́n dá a padà láti ẹnu ibodè ọ̀run pé kó lọ kó ẹ̀mí àwọn tó jí wá. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, ó sì bá èrò àwọn baba wa mu. Àléébù tí mo rí ni pé eré náà mọ gbèsè tí Sàró jẹ ikú dáadáa, ṣùgbọ́n kò ka gbèsè tí bàbá jẹ ọmọbìnrin rẹ̀ tó. Ikú ọmọọba kàn di ohun tó gbé Sàró ṣubú ni. Ta ló bá ọmọbìnrin náà sunkún ọmọ bàbá rẹ̀?

Ẹ̀yin awo, bí ọlọ́fọ̀ bá wá sídìí Ifá, ẹ bá mi kọ́kọ́ bèèrè pé: àwọn tó kù ńkọ́?