Ohùn Ìgbéyàwó, Ohùn Ọ̀fọ̀: Àgbéyẹ̀wò Àwo Orin Júù Mẹ́ta

Níbi ìgbéyàwó àwọn Júù Ìlà-Oòrùn Yúróòpù ni orin klezmer ti gbilẹ̀. Fayolín àti fèrè clarinet ni ó sábà ń ṣáájú. Ohùn wọn a máa já bí ohùn ẹni tí ń sunkún, síbẹ̀ ijó ni wọ́n ń pè. Àwọn aṣíkiri gbé e dé New York, níbi tí Naftule Brandwein àti Dave Tarras ti gbà á sí àwo ní àwọn ọdún 1920. Ní Yúróòpù, ìjọba Násì pa Júù bíi mílíọ̀nù 6, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ orin náà sì bá a lọ. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tún gbé e dìde ní àwọn ọdún 1970, ìbéèrè tó le dúró dè wọ́n: ṣé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ohun ìrántí òkú ni, àbí kí wọ́n fún un láàyè láti yí padà? Àwo mẹ́ta fún ìbéèrè yìí ní ìdáhùn tó yẹ ní gbígbọ́.

Èkíní ni Don Byron Plays the Music of Mickey Katz (1993). Katz jẹ́ aláwàdà tí ó ń sọ orin tó gbajúmọ̀ di ẹ̀fẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Yiddish. Byron, adúláwọ̀ ọmọ Bronx tí ó ti fọn clarinet nínú ẹgbẹ́ Klezmer Conservatory Band, fi hàn pé ìmọ̀ orin tó jinlẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà. Kò yọ ẹ̀rín kúrò nínú rẹ̀, kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá fi sùúrù kọ́ àṣà ni àṣà ń jẹ́ fún, kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀ nìkan.

Kristallnacht (1993) ti John Zorn kò rọrùn láti gbọ́. Ó dá lórí òru oṣù kọkànlá 1938 tí wọ́n fọ́ gíláàsì ilé ìtajà àwọn Júù ní Jámánì, tí wọ́n sì dáná sun sínágọ́gù wọn. Orin klezmer ni ó fi bẹ̀rẹ̀, tí ohùn àwọn Násì sì ń já lù ú. Lẹ́yìn náà, fún bí ìṣẹ́jú 12, gíláàsì ń fọ́. Ìkìlọ̀ wà lára àwo náà pé ó lè pa etí lára. Ariwo náà gùn ju ohun tí iṣẹ́ ọnà nílò lọ; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fò ó kò ní mọ bí ohun tí wọ́n fọ́ ti ṣe iyebíye tó.

Alef (1994) ni àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Masada: Zorn lórí saxophone, Dave Douglas lórí trumpet, Greg Cohen lórí bass, Joey Baron lórí ìlù. Kì í ṣe klezmer gan-an. Ètò ohùn àwọn Júù ni wọ́n gbé lé ọ̀nà jazz tí Ornette Coleman là. Fèrè méjèèjì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ìlù kò sì jẹ́ kí ijó kú. Òun ni ó yẹ kí olùgbọ́ tuntun kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó kan Byron, kí Kristallnacht sì kẹ́yìn, nígbà tí etí bá ti mọ ohun tí ó lè sọnù.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun yóò gbẹ. Àwọn olórin wọ̀nyí kò gbàgbé. Síbẹ̀, wọn kò dúró sójú kan níbẹ̀.