Oríkì kì í ṣe ìyìn lásán

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń túmọ̀ oríkì sí èdè Faransé, louange ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹni tí ó bá kàwé jù ú lọ a kọ panégyrique. Méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Ìyìn ni wọ́n ń sọ, Yorùbá sì ní ìyìn lọ́tọ̀.

Ohùn ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orí àti kí ni ó di oríkì, bí ẹni pé à ń kí orí ènìyàn. Etí Yorùbá kò gba èyí. "Ó kí mi" kò jọ "ó kì mí". Ti àkọ́kọ́, ó pàdé mi, ó ní ẹ kú àárọ̀. Ti èkejì, ó dárúkọ àwọn baba mi, ó sọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ wá. Kì yìí ni pé kí a pe nǹkan bí ó ti rí gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ gírámà wa fi ń lo oríkì fún ohun tí Faransé ń pè ní définition. Bí mo bá béèrè oríkì fáwẹ̀lì ní kíláàsì, kò sí ọmọ tí yóò dìde láti yin fáwẹ̀lì.

Ní ti orí, àwọn kan ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni, bí ó ti wà nínú oríṣun. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n orí tí ó wà lọ́rùn ni mo fara mọ́: ẹni tí a bá kì ni ó ń sọ pé orí òun wú.

Ẹ wo oríkì tí à ń sọ ọmọ. Àjàní ni ọmọ tí a jà kí a tó ní, Àbẹ̀ní ni èyí tí a bẹ̀bẹ̀ kí a tó rí. Ìtàn ìbí wọn ni. Pierre Verger kó oríkì òrìṣà jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ Faransé nínú ìwé tí IFAN tẹ̀ ní Dakar ní 1957. Ẹni tí ó bá ka ti Ògún àti ti Ṣàngó níbẹ̀ yóò bá ẹ̀rù pàdé. Karin Barber, tí ó gbé Òkukù láti kọ́ oríkì, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1991 pé ohun tí kò buyì kún ènìyàn náà ń wọ inú oríkì rẹ̀.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ifangni bá ń múra oríkì ìdílé wọn sílẹ̀ fún àjọ̀dún, gbèsè, ìjà àti àrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ kúrò. Louange ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kò yọ ọ́. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé, láti ìsinsìnyí lọ, kí a kọ oríkì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ojú ewé Faransé wa, láìtúmọ̀ rẹ̀.