Ọ̀dọ́ Akọrin àti Ọ̀rọ̀ Àgbà: Ipò Orin nínú Ọba Kò So

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò léèrè pé irú eré wo ni Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀, kíá ni yóò dáhùn pé eré onítàn ni, pé ó sì parí sí ikú. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó máa ń kàwé dáadáa, yóò fi kún un pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é ní ópẹ́rà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí. Kò wọ́pọ̀ kí olùkọ́ tún bi í pé kí ni orin ń ṣe nínú ópẹ́rà náà, ta ni ó ń kọ ọ́, àti pé báwo ni ohùn akọrin ṣe ń bá ohùn èdè Yorùbá lò. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá yọ orin kúrò nínú Ọba Kò So, egungun ẹja ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Ítálì ni ópẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1600. Eré ìtàgé ni, ṣùgbọ́n orin ni àwọn òṣèré fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń fẹ́ra, òun kan náà ni wọ́n sì fi ń kú. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni orúkọ náà gbà wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, Hubert Ògúnǹdé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ó dá lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run, sórí ìtàgé ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Ìjọ Aládùúrà kan ni ó bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe irú eré bẹ́ẹ̀ ní ópẹ́rà, yálà iṣẹ́ Ògúnǹdé ni o, tàbí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tàbí ti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni púpọ̀ nínú àwọn òṣèré náà ti jáde wá, wọn kò sì tètè fi orin ìjọ sílẹ̀.

Orin ìjọ yìí ní àìsàn kan tí gbogbo olùkọ́ èdè mọ̀. Àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá kò yí ohùn orin òyìnbó padà. Wọ́n kàn to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀. Bí orin bá gòkè, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá a gòkè, kò sí bí ìtumọ̀ ṣe lè fọ́ tó. Ọkọ tí obìnrin fẹ́ lè di ọkọ́ tí a fi ń roko, ó lè di ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ó sì lè di ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, láàárín ẹsẹ orin kan ṣoṣo. Ìjọ kì í fura, nítorí pé gbogbo wọn ti mọ ohun tí ó wà nínú ìwé. Kò yẹ kí a gbàgbé pé àwọn kan ti gbìyànjú láti wo àrùn náà sàn. Àlùfáà Josaya Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ń ṣe orin ìsìn tí ó bá ohùn èdè mu, ó sì gba àwọn orin Yorùbá sílẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. T. K. E. Phillips, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Christ Church ní Èkó, kọ odidi ìwé lórí orin Yorùbá, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1953. Nítorí náà Ládiípọ̀ kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí ìṣòro yìí. Ohun tí ó ṣe yàtọ̀ ni pé ó gbé orin kúrò níbi tí ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ ilé-ìwé ni Ládiípọ̀ ní Òṣogbo nígbà tí ó kọ orin Àjíǹde kan fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní ọdún 1961. Ó mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin náà. Àwọn aláṣẹ ìjọ bínú. Lójú wọn, ìlù abọ̀rìṣà kò ní ohun tí í ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Ìtàn yìí ni àwọn olùkọ́ máa ń sọ gẹ́gẹ́ bí ìjà láàárín ẹ̀sìn àti àṣà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n apá kan wà níbẹ̀ tí a kì í mẹ́nu bà. Ìlù Yorùbá kì í ṣe ariwo lásán. Ó ń sọ̀rọ̀. Bí dùndún bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ akọrin, orin kò lè ṣi ohùn pe mọ́ láìjẹ́ pé etí gbọ́ ọ, nítorí pé ìlù yóò máa pe ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ kí a pè é. Ẹni tí ó gbé ìlù wọ inú kọ́ńsáàtì ìjọ ti mú ẹlẹ́rìí wọlé.

Ní oṣù kẹta ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, Ládiípọ̀ ṣí Mbari Mbayọ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, orúkọ ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí ó ti wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ ní èdè tiwọn: m bá rí, m bá yọ̀. (Ẹni tí ó bá ń wá àpẹẹrẹ bí etí Yorùbá ṣe ń sọ àjèjì ohùn di ọ̀rọ̀ tí ó nítumọ̀, kí ó má wá a lọ jìnnà.) Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí ilé náà, ìtàn Aláàfin tí ó rán ọdẹ lọ mú àwọn tí wọ́n fi ṣe iwin láti dẹ́rù bà á. Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní ọdún 1963. Eré ìlú kékeré ni, nínú ọgbà tí kò tóbi, àwọn ọ̀dọ́ tí ayé kò tíì gbọ́ orúkọ wọn ni wọ́n sì ń kọrin níbẹ̀. Ládiípọ̀ ṣe Ṣàngó, aya rẹ̀ Abíọ́dún ṣe Ọya, Adémọ́lá Oníbọnòkúta ṣe Tìmì. Lérè Páímọ́, tí ó ṣe Gbọ̀ńkáà, kò tíì pé ọmọ ọdún 25.

Orí àkọlé eré náà ni ó yẹ kí àgbéyẹ̀wò orin rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọba kò so: ọba kò pokùn so. Ọba Kòso: ọba ìlú Kòso. Ohùn méjèèjì bára mu délẹ̀délẹ̀, orí ìbáramu yìí sì ni àwọn ọmọlẹ́yìn Ṣàngó fi sọ ìtìjú di oyè. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sábẹ́ ohùn orin ìsìn tí ó gòkè ní àárín. Kò yóò di kó. Ọba kó so: ohun tí àwọn ọ̀tá ń fẹ́ gan-an nìyẹn, pé kí ọba lọ so. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìyìn àti ìdájọ́ ikú. Eré tí ipò rẹ̀ rí báyìí kò ṣeé gbé lé ohùn orin tí kò mọ èdè. Ó di dandan kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí orin máa tọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí Ládiípọ̀ sì ṣe nìyẹn. Àwọn onímọ̀, Ọlátúndé Ọlátúnjí pàápàá nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1984, ti jẹ́ kí ó yé wa pé ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá ń gbà gbé ewì alohùn jáde: sísọ, sísà àti kíkọ. Orin ni eré àwọn tí ó jáde láti ṣọ́ọ̀ṣì gbára lé, wọ́n a sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu dí àlàfo. Ládiípọ̀ sọ sísà di òpó ilé. Ó lọ bá àwọn tí ó mọ Ṣàngó pípè, ó lo rárà, ó lo ọfọ̀ àti oríkì, ó sì gbé bàtá, ìlù Ṣàngó, sí abẹ́ gbogbo rẹ̀. Nínú sísà, akọrin kò ní ohùn orin tí yóò fipá mú ọ̀rọ̀. Ohùn èdè gan-an ni a nà, tí a fẹ̀, tí a gbọ̀n, títí ó fi súnmọ́ orin. Nígbà tí ègbè bá wọlé ni orin gidi tó dé, ègbè náà kì í sì í gùn. Bí a bá fẹ́ fi wé ópẹ́rà ti Ítálì, níbi tí orin àdákọ ti jẹ́ ògo akọrin, tí ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn sọ sì jẹ́ afárá láti orin kan dé òmíràn, a ó rí i pé Ládiípọ̀ ti dojú rẹ̀ dé. Níhìn-ín, afárá ni ilé.

Ìran tí Gbọ̀ńkáà lọ mú Tìmì ní Ẹdẹ ni ó fi èyí hàn jù. Tìmì ní ọfà iná. Bí ẹni tí ó kàn ń ka ìtàn bá rò ó, yóò retí ìjà apá. Ṣùgbọ́n ọfọ̀ ni Gbọ̀ńkáà fi bá a jà, títí oorun fi gbé akọni lọ. Nínú ọfọ̀, orúkọ ewé tàbí ti ẹranko ni a fi ń pàṣẹ iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe. Ìró inú orúkọ ni agbára rẹ̀. Bí òṣèré bá ṣi ohùn pe síbẹ̀, kì í ṣe pé orin kò dùn nìkan, oògùn kò jẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ tí a gbé lé ọ̀dọ́ kan lọ́wọ́ nínú ìran yìí pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ ópẹ́rà ń gbé lé àgbà akọrin lọ́wọ́: kí ó sà á kíá, kí ó má fà á, kí ó má sọ sílébù kan nù, kí àwùjọ tí ó mọ ọfọ̀ sì gbà á gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé Gbọ̀ńkáà jẹ́ alágbára àti olóògùn, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ bí agbára náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ahọ́n ni ohun ìjà rẹ̀.

Eré náà ní àbùkù tirẹ̀. Ìpinnu Ṣàngó láti fi akọni kan mú èkejì yára jù. Bí ẹni pé ìtàn ni ó ń lé e, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Lójú ẹni tí ń ka ìwé, ìbínú tí ó mú kí ó dojú ìjà kọ àwọn ènìyàn tirẹ̀ ṣáájú ikú rẹ̀ dà bí ohun tí ó já lu ni láti ojú ọ̀run. Lórí ìtàgé, bàtá ni ó ń dí àlàfo yìí, nítorí pé ìlù ti ń gbóná kí ọba tó gbóná. A lè gbè é lẹ́yìn báyìí. Síbẹ̀, àlàfo ni àlàfo ń jẹ́, ìwé kò sì ní bàtá.

Ní ọdún 1964 wọ́n gbé eré yìí lọ sí àjọ̀dún ní Bẹ̀líìnì, ní 1965 wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá yìn ín gidigidi. Ìyìn náà dára, ṣùgbọ́n ó ti ṣi àwọn alárìíwísí kan lọ́nà. Wọ́n rò pé bí àlejò tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bá lè gbádùn ún, a jẹ́ pé ijó, aṣọ àti ìlù ni eré náà. Ìdajì ohun tí ará Òṣogbo gbọ́ ni àlejò náà gbọ́.

Irú ọ̀dọ́ mìíràn ti wà lóde báyìí. Láti ìgbà tí a ti dá ẹgbẹ́ MUSON sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1983, ilẹ̀ wa ti ní àwọn akọrin tí a kọ́ ní ọ̀nà ópẹ́rà ti Yúróòpù, tí wọ́n lè kún gbọ̀ngàn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nínú kọ́ńsáàtì, lẹ́yìn orin Ítálì àti ti Jámánì, wọ́n lè kọ orin Yorùbá tí Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) kọ fún àdákọ pẹ̀lú dùùrù. Ohun tí ó yẹ kí etí olùkọ́ èdè máa ṣọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan. A ti kọ́ akọrin náà láti ṣí ọ̀fun, kí ó sì yí fáwẹ̀lì po bí orin bá ti ń gòkè. Nígbà náà ọ̀wọ̀ a máa fẹ́ di òwò, ẹni a sì di eni. Àléébù yìí kì í ṣe ti ọ̀dọ́ náà; ọ̀nà tí a gbà kọ́ ọ láti yí fáwẹ̀lì po ni ó fà á. Oṣù kan lọ́dọ̀ onírárà yóò ṣe irú akọrin bẹ́ẹ̀ láǹfààní. Onírárà náà yóò sì jèrè, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ yìí mọ bí a ti ń kó èémí pamọ́.

Ẹ̀dà Ọba Kò So kan wà tí R. G. Armstrong, Robert Awujọọla àti Val Ọláyẹmí kọ sílẹ̀ láti inú téèpù, tí Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ jáde. Ẹ̀dà yìí wúlò fún olùkọ́, nítorí pé etí ni ó ṣáájú kálàmù nínú rẹ̀: ohun tí òṣèré sà lẹ́nu ni a kọ. Kíláàsì tí ó bá ní in lọ́wọ́ lè mú ìran Ẹdẹ, kí ọmọ kan pe dò-re-mí ọ̀rọ̀ Gbọ̀ńkáà láìpe ọ̀rọ̀ gan-an, kí àwọn yòókù sọ gbólóhùn tí ó jẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń gbọ́ ìlù láti kékeré kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n.