Ìwé Tó Fi Àyè Sílẹ̀ Fọ́mọdé

Orí ìdúró ni Àǹtí ti máa ń ka ìwé tuntun. Bí páálí bá ti dé láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ilé-ìkàwé ìjọba tó ti ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, á fa ìwé kọ̀ọ̀kan yọ, á sì máa kà á sókè ketekete nínú yàrá òfìfo, bí ẹni pé àwọn ọmọ ti jókòó síwájú rẹ̀. Kì í wo ọ̀rọ̀ ìpolówó tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé. Ẹnu ló fi ń dán ìwé wò. Gbólóhùn tó bá kọ́ ọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ̀ pé yóò kọ́ bàbá tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tó ti rẹ̀, tó ṣì fẹ́ kàwé fọ́mọ kó tó sùn. Ìwé tí òǹkọ̀wé ti ń fi tipátipá wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá ìparí ìlà àkọ́kọ́ dún, kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, á ṣí ìwé náà sórí àga, á rìn dé ògiri ẹ̀yìn, á sì wò ó láti ọ̀hún. Àwòrán míì wà tó dùn ún wò nítòsí, àmọ́ téèyàn bá sún sẹ́yìn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dà rú mọ́ra. Àǹtí ò ní tìtorí ìyẹn kọ̀ ọ́. Inú àpótí ìwé tí ìyá tàbí bàbá ń gbé ọmọ sítan kà ni yóò fi sí. Èyí tí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá bá lè rí dáadáa ló ń bọ́ sí agbo tí Àǹtí ti ń kàwé fáwọn ọmọ.

Ojú tó mọ ìwé yàn báyìí ṣọ̀wọ́n, a kì í sì í yìn ín tó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mọ̀ ọ́n níyì débi pé Ẹ̀bùn Carnegie fún ìwé ọmọdé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1936, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ló ń yan ẹni tí yóò gbà á.

Lára ìwé tí Àǹtí kì í fi sílẹ̀ ni Baby Goes to Market, tí Àtinúkẹ́ kọ, tí Angela Brooksbank ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní 2017. Nàìjíríà ni wọ́n bí Àtinúkẹ́ sí, ilẹ̀ Wales ló ń gbé, apàlọ́ sì ni. Ìyá kan pọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́jà, ó ru agbọ̀n. Àwọn ọlọ́jà ń fún ọmọ ní nǹkan: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́fà, ó jẹ ọ̀kan, ó ju márùn-ún sínú agbọ̀n, ọsàn márùn-ún, ó mu ọ̀kan, mẹ́rin wọ agbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣín-ṣín, àgbàdo sísun àti àgbọn, tí iye wọn ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dín. Ìyá ò mọ̀. Gbogbo ọmọ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ̀.

Ẹ wo ọwọ́ Àǹtí nígbà tó bá ń ka ìwé yìí. Ó fi ọwọ́ òsì di ìsàlẹ̀ ìwé mú láàárín, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká kó lè ṣe déédéé ojú àwọn ọmọ, òun alára sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú kà á. Ọwọ́ ọ̀tún kì í gba iwájú àwòrán kọjá láé; igun òkè ló ti ń mú ewé ìwé, kí apá rẹ̀ má baà dí ẹnikẹ́ni lójú. Kó tó parí gbólóhùn, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lábẹ́ ewé tó kàn, àmọ́ kò tíì ṣí i. Ọmọ inú ìwé ti jẹ ọ̀kan. Àǹtí wo agbọ̀n, ó dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin kan ti ń fi ìka kà á, òmíràn ti pariwo iye tó kù. Àǹtí ò yìn ín, kò sì bá a wí. Ó ṣí ewé, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Mo ti rí àwọn tí ohùn wọn dùn ju tiẹ̀ lọ tí wọ́n ń ba ibí yìí jẹ́. Wọ́n á ní, "Mélòó ló wá kù o?", ìtàn á sì di ìṣirò lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan ti ṣe irú iṣẹ́ ìwé yíyàn yìí níbi tó le jù báyìí lọ. Ní 1937, Augusta Baker bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé-ìkàwé òpópónà 135th ní Harlem, nílùú New York. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé tó wà lórí pẹpẹ, bí èèyàn dúdú bá tilẹ̀ hàn, ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín ni. Baker ń ka ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń wo irú èdè tí wọ́n fi sí àwọn èèyàn dúdú lẹ́nu, bí wọ́n ṣe yà wọ́n, àti ohun tí ìtàn náà ń sọ nípa wọn. Láti 1939 ló ti ń kó èyí tó yege jọ sínú àkójọ tí wọ́n fi sọrí James Weldon Johnson, ó sì tẹ orúkọ àwọn ìwé náà jáde kí ilé-ìkàwé míì lè rí i lò. Ní 1961, òun lèèyàn dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí iṣẹ́ ọmọdé nínú gbogbo ẹ̀ka New York Public Library. Apàlọ́ tó gbóná ni òun náà, mi ò sì rò pé ó ṣèèṣì. Ẹni tó ti dúró níwájú agbo ọmọdé mọ ibi tí ìwé ti purọ́ fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá àgbà kan tó ti Ìbàdàn wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́mọ mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ ilé-ìkàwé Àǹtí. Àǹtí yíkàá.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwé tí mo lè kà fún eléyìí ni mò ń wá. Òyìnbó yìí ò yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, òun náà ò sì gbọ́ Yorùbá délẹ̀."

Èmi ì bá lọ wá ìwé Yorùbá. Àǹtí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Rosie's Walk ló mú wá, tí Pat Hutchins ṣe ní 1968. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ò ju 32 lọ. Àgbébọ̀ adìyẹ kan ń rìn yí oko po, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ já sómi, ìyẹ̀fun dà lé e lórí, oyin lé e lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò sì dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú àwòrán nìkan ló wà.

"Ẹ má wulẹ̀ kà á, mà. Ẹ fi pàlọ́ fún un."

Màmá ṣí ewé méjì, ó ní, "Ṣé Ìjàpá kọ́ rèé?" Ó jókòó, ó gbé ọmọ sítan. "Àlọ́ o!" Ọmọ ń wò ó. Àǹtí ló dáhùn láti ìdí tábìlì rẹ̀ pé, "Àlọ̀!" Nígbà tí wọ́n fi dé ìdí adágún omi, ọmọ ti ń fi ìka tọ́ka sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kí màmá tó dé ibẹ̀.

Bí ìwé bá padà dé, Àǹtí kì í bi ọmọ bóyá ó yé e. Ojú-ewé tó tún padà sí ló ń bi í. Á wá ṣí ibẹ̀ wò bóyá igun rẹ̀ ti rọ̀, bóyá àmì ìka wà níbẹ̀. Ìwé tó ṣì mọ́ tónítóní lẹ́yìn ọdún kan lórí pẹpẹ, á yọ ọ́ kúrò, ìbáà ti gba ẹ̀bùn. Èyí tó ti gbó ló ń béèrè ẹ̀dà tuntun rẹ̀. Ìwé àgbébọ̀ tí màmá yẹn yá padà dé pẹ̀lú ojú-ewé oyin tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Àǹtí fi téèpù lẹ̀ ẹ́, ó sì kọ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lára àwọn ìwé tí wọ́n máa rà.