Sípánà Ṣáájú Kọ́kọ́rọ́
Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ timing belt Honda Accord 1999 kan, agbára rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ibí ni a ti ń mọ ọ̀gá mẹkáníìkì.

Aláìmọ̀kan á sáré ra plug. Ọ̀gá á kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n tú. Ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà mẹ́rin yìí ní bẹ́líìtì kejì, tó ń yí àwọn ọ̀pá tí ń pa gbígbọ̀n. Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá yẹ̀, wàhálà dé. Bóòtù mílímítà 6 ni ọ̀gá ń tì bọ ihò kan láti dá a dúró sí ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó tó fi kọ́kọ́rọ́ tan ẹ́ńjìnnì, sípánà ló fi ń yí kránkì: ìyípo méjì fún ẹyọ kan ti káàmù, kí àmì wọn bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, fááfù lè tẹ̀. Ẹ má ṣe kán irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ lójú.