Dìbẹ́ńṣọ̀ Kì Í Ṣe Ìwé Ìdógò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan nínú yín fi àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣòwò tó ń tú sí Yorùbá ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ náà dára, àmọ́ ó pe dìbẹ́ńṣọ̀, ìwé tí ilé-iṣẹ́ ń fún ẹni tó bá yá a lówó, ní "ìwé ìdógò". Háà! Rárá o.

Látìnì ni ọ̀rọ̀ yìí: debentur mihi, ìyẹn ni pé "wọ́n jẹ mí ní gbèsè". Ẹnu ẹni tí a jẹ lówó ló ti jáde; kò dárúkọ ohun ìdúró kankan. Láyé Cromwell, irú ìwé yìí ni wọ́n fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò rówó oṣù wọn san. Ilẹ̀ Ireland ni wọ́n padà fi san án (ilẹ̀ onílẹ̀ ni o!), nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ta ìwé tiwọn ní ọ̀pọ̀ fún àwọn ọ̀gá wọn.

Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dìbẹ́ńṣọ̀ sábà máa ń ní ohun ìdúró. Ní Amẹ́ríkà, kì í sábà ní. Bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi bá ka "ìdógò", á rò pé bí ilé-iṣẹ́ bá wó, ilé tàbí ẹ̀rọ kan wà tí òun lè dì mú.

Ọmọ mi, "ìwé ẹ̀rí gbèsè" ni kó o kọ. Bó bá ní ohun ìdúró, sọ ọ́ nínú àlàyé.