Òkè Ló Ń Yan Ẹ́ńjìnnì

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun kan sikéètìbọ́ọ̀dù oníná máa ń kọ́kọ́ bi mí: ẹ́ńjìnnì kan ni, àbí méjì? Èmi náà á bi í padà pé, ọ̀nà wo lo fẹ́ máa gbà? Nínú iṣẹ́ yìí, látorí pátákó títí dé orí wáyà, kò sí ibi tí mo fẹ́ràn tó ibi yíyan ẹ́ńjìnnì, nítorí níbẹ̀ ni ẹni tó ń kan nǹkan ti gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ tí nǹkan náà yóò tẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí, pátákó gbọọrọ kan ni, ó ní táyà mẹ́rin, bátìrì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì iná kékeré, tí èyí tí mo ń lò fẹ̀ ní mìlímítà 63, tó sì gùn ní 74, ń fi bẹ́lítì yí táyà ẹ̀yìn kan; bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ méjì, ìkọ̀ọ̀kan ní táyà ẹ̀yìn tirẹ̀. Ẹni tó dúró lórí rẹ̀ mú rìmóótù dání. Òun ló fi ń sáré, òun náà ló fi ń tẹ bíréèkì. Pátákó tèmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gé e, mo sì ń fi ara balẹ̀ fá a kó dán. Ẹkùn tiwa, níbi tí àwọn agbẹ́gilére Àreògún ti Òsí àti Bámigbóyè ti Odò-Ọwá ti gbẹ́ igi, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń gbé igi tí kò dán jáde.

Ní ọdún 2012 ni ilé iṣẹ́ Boosted ti California bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn sikéètìbọ́ọ̀dù oníná láti fi ṣe é. Nígbà tó yá, wọ́n ń ta ẹlẹ́ńjìnnì kan tó ní wáàtì 1000, wọ́n sì ń ta ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ní 1500 tàbí 2000. Wọ́n kógbá sílé ní 2020, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò bá wọn lọ: Benjamin Vedder, ará Swídìn, ti tú àṣírí kọntiróla tó ń jẹ́ VESC, ẹ̀rọ tó ń darí ẹ́ńjìnnì, sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin ní Kwárà sì lè kà á bí ẹni tó wà nílùú òyìnbó. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kan àti méjì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé torí eré sísá ni wọ́n ṣe ń fi ẹ́ńjìnnì méjì sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fólítì bátìrì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó fún fólítì kan, títóbi táyà àti eyín gíà ló ń pinnu eré. Ẹ́ńjìnnì kan lè sáré tó méjì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Ilẹ̀ tiwa ni kò tẹ́jú. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kwárà, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Àràrọ̀mí-Ọ̀pin, ilẹ̀ olókè ni, bí ilẹ̀ àwọn Èkìtì tó wà lódìkejì ààlà. Ká sọ pé èmi àti pátákó mi jẹ́ kílò 85, ká sì sọ pé òkè tó wà níwájú wa ń ga ní mítà 15 nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún mítà. Láti gùn ún, a nílò agbára tó lè gbé nǹkan bíi kílò 15 nílẹ̀. Bí mo bá dúró láàárín pátákó, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń ru nǹkan bíi kílò 21. Lórí títì ọlọ́dà, rọ́bà ń di ilẹ̀ mú tó kílò 17 nínú ìyẹn: ẹ́ńjìnnì kan á gòkè, àmọ́ agbára káká ni. Lórí erùpẹ̀ pupa tí ọyẹ́ ti gbẹ, tí òkúta wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, ìdìmú náà lè já wálẹ̀ sí kílò 8. Táyà á máa yí lásán, á máa da eruku sẹ́yìn, ẹni tó wà lórí rẹ̀ kò sì ní kúrò lójú kan. Bí táyà méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́, ìdìmú náà tún ti padà di kílò 16.

Ẹlòmíràn á ní kí n yí gíà padà. Ó dáa, gíà tó rọlẹ̀ á fún ẹ́ńjìnnì ní agbára, ṣùgbọ́n kò sí gíà tó lè fún táyà kan ní ilẹ̀ tí yóò dì mú.

Ti ooru ló wú mi lórí jù. Láti gun òkè yẹn, ẹ́ńjìnnì kan á fa bí ámípíà 55. Bí wọ́n bá di méjì, ìkọ̀ọ̀kan á fa bíi 27 tàbí 28. Iná dín sí ìdajì, ṣùgbọ́n ooru inú kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, tó fi jẹ́ pé àwọn méjèèjì pa pọ̀ kò tú ju ìdajì ooru tí ọ̀kan ṣoṣo ìbá tú lọ. Bí ìgbà tí ènìyàn méjì gbé ìtì igi kan ni: kì í ṣe ẹrù nìkan ni wọ́n pín, àárẹ̀ tó bá àwọn méjèèjì pọ̀ kò tó èyí tí ìbá bá ẹnìkan. Àwọn tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì méjì ń jẹ bátìrì kò tíì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé. Òòfà inú rẹ̀ kì í fẹ́ irú ooru bẹ́ẹ̀. Oríṣi tó wọ́pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára bó bá ti kọjá ìwọ̀n sẹ́líṣíọ̀sì 80, kì í sì í gbà á padà tán.

Ẹni tó gun òkè á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni bíréèkì: bó ṣe ń dá táyà dúró ló ń dá iná padà sínú bátìrì. Bí bẹ́lítì ẹlẹ́ńjìnnì kan bá já lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì ti lọ nìyẹn. Ní ti méjì, ọ̀kan ṣì kù. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lórí òkè, mo máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má ṣáájì bátìrì kún kó tó sọ̀, nítorí bátìrì tó kún kò ní àyè tí yóò gba iná tí bíréèkì ń dá padà sí, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bátìrì sì lè já a kúrò nígbà tó yẹ kó dúró.

Síbẹ̀, mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fojú di ẹ́ńjìnnì kan. Ó fúyẹ́, ó dín owó kọntiróla, bẹ́lítì àti gíà kù, ó sì rọrùn láti tú. Fún ọmọ Èkó tó fẹ́ máa lọ láti ilé dé ibi iṣẹ́ lórí títì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, òun ni mò ń bá a kàn, owó tó ṣẹ́kù á sì lọ sórí bátìrì tó pọ̀ sí i. Ìyẹn á wúlò fún un ju ẹ́ńjìnnì kejì lọ.

Ní ilẹ̀ Ọ̀pin, bí owó ẹni tó wá bá mi bá tó ti ẹyọ kan péré, mo máa ń lu ihò ìjókòó ẹ́ńjìnnì kejì sílẹ̀, mo máa ń yan bátìrì tó lè bọ́ méjì, mo sì máa ń fi àyè wáyà tí kọntiróla méjèèjì yóò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Màá wá sọ fún un pé, títí owó yóò fi dé, bó bá kan òkè erùpẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀, kó gbé pátákó lọ́wọ́, kó fẹsẹ̀ rìn ín.